Ọ́ńkù Orin, Ẹ Kú Ariwo!

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ọjà, pàápàá ẹ̀yin tí ilé-ìwé ìjọ wà lẹ́yìn fèrèsé yín, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ ohun tí etí yín ń rí. Sáà ẹ̀kọ́ wọlé, ẹ ò gbúròó orin kankan. Oṣù kìíní kọjá, kẹ́kẹ́ pa. Oṣù kejì kọjá, àtòrì nìkan lẹ̀ ń gbọ́. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gba ìsinmi, ni àdúgbò bá dàrú. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, ọgọ́rin ọmọ ń pariwo orin kan ṣoṣo. Ìlà kan ṣoṣo nínú orin náà ni wọ́n ń pa kiri, torí pé ẹni tó ń kọ́ wọn gan-an ò tíì há ìlà kejì sórí. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ìgbáradì ni. Ìgbáradì fún kí ni? Fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Ìgbà yẹn ló máa ń yé ènìyàn pé nílé-ìwé àwọn ẹni Ọlọ́run, wọn kì í kọ́ ọmọ lórin. Ayẹyẹ ni wọ́n ń kọ́ wọn.

Kì í ṣe pé orin ò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ o. Ìjọba ti di orin, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà pọ̀ sínú àpò kan, wọ́n pè é ní Cultural and Creative Arts. Àwọn ọmọ ń pè é ní CCA, àwọn olùkọ́ ń pè é ní ìsinmi. Olùkọ́ tó bá mọ àwòrán yà, àwòrán ni yóò máa yà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Tó bá wá kan orin, yóò kọ ọ́ sójú pátákó: "Orin ni àkójọpọ̀ ìró tó dùn mọ́ etí." Ọmọ dà á kọ, ó há a sórí, ó gba ogún nínú ogún. Kò sì tíì gbọ́ ìró kankan tó dùn mọ́ etí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé-ìwé náà.

Àkókò wo gan-an ni wọ́n fi orin sí lórí táímùtébù? Ọjọ́ Ẹtì ni, àkókò tó kẹ́yìn, nígbà tí ọmọ ti kó ìwé sínú báàgì, tí báàgì ti wà lẹ́yìn, tí ojú ti wà ní géètì. Bí tíṣà Ìṣirò ò bá tíì parí ohun tó ń kọ́ wọn, yóò wá yá àkókò orin. Ó ti ń yá a láti ọdún méjì, kò dá a padà rí, kò sì sí ẹni tó ní kó dá a padà. Bí tíṣà Ìṣirò ò bá wá, ọjọ́ Ẹtì náà ni wọ́n ń gbá gbọ̀ngàn fún ìsìn ọjọ́ Àìkú. Orin tí wọ́n ní òun ni èdè àwọn áńgẹ́lì, ìgbálẹ̀ ti gba ìjókòó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí Mọ́mì Olùdásílẹ̀, aya Bàbá Olùṣọ́-àgùntàn. Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀yin lẹ kọ "Owó Orin" sínú ìwé owó ilé-ìwé, láàrin "Owó Ìdàgbàsókè" àti "Owó Pápá Ìṣeré." A ò rí ìdàgbàsókè. Pápá ìṣeré ọ̀hún, ibi tí bọ́ọ̀sì ń yí padà sí ni. Ṣùgbọ́n a san owó orin, a wá bi yín pé ohun-èlò wo lẹ fi rà. Ẹ ní ṣebí kíbọ́ọ̀dù wà. Òótọ́ ni, kíbọ́ọ̀dù wà. Ti ìjọ ni. Ó wà lórí pèpéle nínú gbọ̀ngàn tí kíláàsì mẹ́ta ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ fi ọ̀rá bo fẹ́lífẹ́ẹ̀tì náà, ẹ wá fi ìyá ìjọ kan tí kì í rẹ́rìn-ín ṣọ́ ọ. Ìlù òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú àpótí gíláàsì lẹ há a mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀daràn ló wà nígboro tí ẹnikẹ́ni ò tì mọ́lé tó bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, iwájú kíbọ́ọ̀dù yìí ni ọmọ ń jókòó sí lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá sì dé, ẹ ó gba owó orin sáà tó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ.

Ọjọ́ tí ẹ gba Ọ́ńkù Orin, tíṣà orin yín, síṣẹ́ ńkọ́, Mọ́mì? Ẹ ní, "Ọ́ńkù, ṣé ẹ mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. "Ṣé ẹ lè darí ẹgbẹ́ akọrin?" Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. "Ṣé ẹ lè kọ́ wọn ní eré ìdárayá?" Ó gbé itọ́ mì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. "Ó dáa. Ẹ ó tún máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ lọ́sàn-án, ẹ ó máa tan jẹnẹrétọ̀, ẹ ó sì máa tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ìsìn kìíní àti ìkejì lọ́jọ́ Àìkú." Ọ́ńkù fi ọgbọ́n béèrè owó oṣù. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbójú sókè, ẹ ní, "Iṣẹ́ Olúwa ni, Ọ́ńkù. Èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run." Mọ́mì wa, onílé Ọ́ńkù ò ní àkáǹtì lọ́run. Oṣooṣù ló ń kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ ara ló sì fi ń kàn án.

Ọ́ńkù Orin, ẹ má rẹ́rìn-ín Mọ́mì mọ́. Ẹ súnmọ́ ibí, ó kàn yín. A mọ àṣírí yín. Gbogbo orin tó wà láyé, ojú kan náà lórí kíbọ́ọ̀dù lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí orin bá lọ sókè, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún bọ́tìnnì náà tẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń gba owó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú yín dé iwájú dùrù gidi tí kò ní bọ́tìnnì kankan, ẹ ní ìka ń dùn yín. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì dùn yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí ì bá rọ̀ wá lọ́rùn bí ẹ bá mọ ohùn ọmọ. Ohùn tẹ́nọ̀ tiyín lẹ fi ń dá orin, ẹ ò bìkítà pé ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ló fẹ́ gbè é. Dò tó wà láàrin dùrù sí dò tó wà lókè rẹ̀, bóyá kí rè kan gun un, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń kọrin tí ara tù wọ́n. Ẹ̀yin a bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wọn ò tólẹ̀, wọn a máa kùn. Ẹ a sáré gbé e lọ sókè, wọn a figbe ta. Bí wọ́n bá ta igbe ọ̀hún tán, ẹ ní, "Mi ò gbọ́ yín! Ẹ pariwo!" Ọ́ńkù, àwa tá a wà ní òpópónà kẹta ń gbọ́ wọn. Iṣan ọrùn ọmọ dìde, ojú rẹ̀ yọ, ẹ ní ẹ̀mí ti ń wọlé. Ohùn ló ń jáde lọ, Ọ́ńkù. Ọmọ tó bá ń kígbe lójoojúmọ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yóò ha. Bó bá fi máa di ọjọ́ ayẹyẹ, ohùn gbogbo kíláàsì yóò ti di ohùn kọ̀ndọ́ Òṣòdì, ẹnìkan ò sì ní rí ṣéńjì gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ tún wá mú rìkọ́dà wọlé. Àṣìṣe Mọ́mì lèyí, òun ló rí i nílé-ìwé àwọn olówó. Fèrè oníke kékeré ni, ihò méje ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn ọmọ fi méjì kún un: ihò imú wọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdajì kíláàsì ń fi imú fọn ọ́, ìdajì ń fi í jà bí idà. Ọmọ kan fi tiẹ̀ mu zobo. Ó sì yẹ kó jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo lẹ kọ́kọ́ fi kọ́ wọn, kí wọ́n fi èémí jẹ́jẹ́ fọn ún, kí mẹ́rin-mẹ́rin máa fọn nígbà tí àwọn yòókù ń tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ̀yin ní kí ogójì ọmọ fọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ náà ni ajá Alhaji tó wà lẹ́yìn odi kó kúrò ládùúgbò. Wọn ò tíì rí i di òní.

Ọjọ́ ayẹyẹ wá pé. Ẹ wá wò ó. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wọ ẹ̀wù oyè pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin. Kò tíì mọ okùn bàtà so, ó ti gboyè. Wọ́n tò sórí pèpéle, Ọ́ńkù gbọ́wọ́ sókè. Ọmọ kan ti bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ Ọ́ńkù tó dé òkè. Ó ti kọ orin tirẹ̀ dé àmín nígbà tí àwọn tó kù ń wá ẹsẹ kejì. Ọ̀kan dákẹ́ lọ gbári, ẹnu nìkan ló ń là, tó ń pàdé. Ọ̀kan rí ìyá rẹ̀, ó gbàgbé orin, ó ń juwọ́. Ọ̀kan rí ìyá tirẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọ̀kan ò rí ìyá rẹ̀, òun náà bú sẹ́kún. Orin sì ń lọ geere, kò ṣì rárá, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé síbẹ̀! A bojú wo ẹ̀yìn pèpéle, a rí i pé fóònù Ọ́ńkù ló ń kọ ọ́, wọ́n ti so ó mọ́ lásípíkà ìjọ. Àwọn òbí dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún? Fún fóònù.

Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ rò pé mo gbàgbé yín ni? Ìyá ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ dúró síwájú gbogbo ayé pẹ̀lú fóònù méjì lọ́wọ́, ẹ ò wo ọmọ yín rárá, inú fóònù lẹ ti ń wò ó, nígbà tí ọmọ gidi wà níwájú yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin kan náà lẹ lọ bá Ọ́ńkù lóru pé ọmọ tiyín ló gbọ́dọ̀ dá orin. Ọ́ńkù ní ohùn rẹ̀ ò tíì múlẹ̀, kó kọ́kọ́ gbè ná. Ẹ ní, "Láéláé! A kì í gbè nílé wa. Orí ni ọmọ mi, kì í ṣe ìrù." Ẹ fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbógun ti ẹ̀mí elégbè. Ìyá ọmọ, bí gbogbo ọmọ bá dá orin, ta ni yóò gbè é? Ibi tí wọ́n ti ń gbè ni etí ọmọ ti ń gbọ́n. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ pé ẹlòmíràn ń bẹ láyé, pé kí òun dúró dè é, kí ohùn òun má borí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ alàgbà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ wa, ká ní wọ́n ti gbè rí ní kékeré ni, ìpàdé ì bá máa tètè parí.

Bàbá ọmọ, ẹ̀yin ńkọ́? Ọmọ ní òun fẹ́ kọ́ dùrù. Ẹ ní, "Fi kí ni ṣe? Ṣé alágbe ni mo fẹ́ kí o dà ni? Dókítà ni mo rí lójú àlá." Ó dára. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé, a rí yín níbi ìnáwó, agbádá balẹ̀ gẹrẹrẹ, ẹ wà níwájú olórin, ẹ̀ ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ohun tí ẹ ná láàrin orin kan, ó ju owó orin ọmọ yín ti ọdún kan lọ. Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín, Bàbá: olórin tí ẹ̀ ń náwó fún yẹn, ṣé ọmọ ẹnìkan kọ́ ni? Bàbá tirẹ̀ náà lè ti lálàá dókítà.

Ọ̀rọ̀ "orin ayé" ló kù. Nílé-ìwé wa yìí, orin ayé ò gbọdọ̀ wọlé. Ọ́ńkù ní kí ọmọ kan mú gángan bàbá rẹ̀ wá, kí àwọn ọmọ fi ojú rí i. Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n ní ẹ̀mí wà nínú ìlù náà. Wọ́n dá gángan padà sílé pẹ̀lú òróró. Lọ́jọ́ Àìkú, gángan kan náà wà lábẹ́ apá onílù ìjọ, ó ń ki Bàbá Olùṣọ́-àgùntàn láti géètì dé orí pèpéle. Ó pe bàbá tó bí i, ó pe baba ńlá rẹ̀ tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé ìjọsìn rí. Bàbá Olùṣọ́-àgùntàn rẹ́rìn-ín, ó kówó lé e. Ẹ̀mí tó wà nínú ìlù, ó dà bíi pé ó máa ń gba ìsinmi lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ sì ń dáàbò bò, inú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó ń gbé wọn lọ sílé ni dẹ́rẹ́bà ti ń kọ́ wọn ní gbogbo orin tó ń lọ nígboro, tijó-tijó. Ẹ̀kọ́ orin tó kẹ́sẹ járí jù lọ nílé-ìwé náà, dẹ́rẹ́bà ló ń kọ́ ọ, kì í sì í gbowó orin.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti èdè. Lójú pátákó àbáwọlé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá sọ fanákúlà yóò san owó ìtanràn. Ọmọ tó bá ní "ẹ jọ̀ọ́" yóò san. Ọjọ́ Àṣà dé, Mọ́mì ní kí gbogbo ọmọ wọ bùbá àti ìró, kí wọ́n kọ orin Yorùbá fún àwọn àlejò. Ọmọ tí ẹ ti gba gbogbo owó mílíìkì rẹ̀ torí Yorùbá, ibo ni yóò ti rí Yorùbá kọ? Ló bá ń fi ohùn òyìnbó kọ ọ́. Ó fẹ́ kọrin nípa ọkọ̀ Nóà, ohùn orin tì í sókè, ló bá di ọkọ Nóà. Nóà lọ́kọ! Àwọn àgbà ìjọ ń wo ara wọn lójú, ìyàwó Nóà ò mọ ibi tí yóò gbà.

Ẹ̀rín nìyẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ pẹ́ ni. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá atẹdùrù ní Kàtídírà tó wà ní Mẹ́rínà l'Ékòó láti 1914 dé 1962, kọ ìwé jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Ó là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé ohùn orin ò gbọdọ̀ máa bá ohùn ọ̀rọ̀ jà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i bí orin òyìnbó tí a kàn túmọ̀ ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po lẹ́nu ìjọ. Ọmọ Yorùbá ti ní ohun tó lè gbà á. Tíṣà Yorùbá ń kọ́ ọ ní kíláàsì pé ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Tíṣà orin wà ní kíláàsì kejì, ó ń làágùn, ó ń wá bí yóò ṣe fi dò-rè-mí yé ọmọ kan náà. Ògiri kan ló wà láàrin wọn. Wọ́n ti ń kí ara wọn láti ọdún mẹ́ta, wọn ò bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rí.

Ẹ̀yin ará wa nílé-ìwé Mùsùlùmí, ẹ ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín tipẹ́. Ó kàn yín. Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen ti ń tọ́jú ẹ̀kọ́ yín láti 1923, ẹ̀ ń jiyàn títí dòní bóyá ohun-èlò orin tọ́ tàbí kò tọ́. Mi ò ní bá yín dá ẹjọ́ yẹn, mo fẹ́ràn orí mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́límọ̀ bá dé, ẹ ní ìlù ò gbọdọ̀ wọlé kó má di ariwo, ẹ wá háyà lásípíkà mẹ́fà tó ga ju lemọ́mù lọ. Ariwo ti dá àwáwí, ó gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Síbẹ̀, màá yìn yín níbi tí ìyìn tọ́ sí yín. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà yín dìde, ó ń ké Kùránì, ó mọ ibi tí wọ́n ń fa ohùn dé, ó mọ ibi tí èémí ń gún sí, kò kígbe, kò ha. Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Àfáà ké e, ọmọ tẹ̀ lé e, ó ṣì í, àfáà dá a padà, ó tún un ké, lójoojúmọ́, láti ọjọ́ tó ti wọ ilé-kéwú. Kò sí ìgbáradì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ọ́ńkù Orin, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ kéwú fún ọjọ́ kan. Ẹ máa bọ́ bàtà o.

Ká padà sílé-ìwé ìjọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn baba ìjọ ò ṣe báyìí. Dò-rè-mí tí àwọn akọrin wa fi ń ka orin títí dòní, nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ ìjọ ló ti jáde. Sarah Glover, ọmọ àlùfáà ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tò ó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1835. Ní 1841, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ṣèpàdé ní Hull, wọ́n ní kí àlùfáà ọ̀dọ́ kan, John Curwen, wá ọ̀nà tó rọrùn láti fi kọ́ ọmọdé lórin. Curwen fúnra rẹ̀ ò mọ orin tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà Glover kọ́ ara rẹ̀ ná, ó tún un ṣe, ó fi àmì ọwọ́ kún un, kó tó di pé ó tàn kálẹ̀, tí àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ́ńkù, ẹ gbọ́ o: ó kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Nígbà tó délé wa ńkọ́? Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, ará Abẹ́òkúta, kọrin Yorùbá nílé ìjọsìn títí wọ́n fi gbà á sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọmọ rẹ̀ di àlùfáà àti ọ̀gá ilé-ìwé gíráámà, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1938 ni Fẹlá. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ẹ̀ ń sọ pé bí ọmọ bá kọ́ orin yóò di Fẹlá, ilé àlùfáà ni Fẹlá ti wá, nítorí náà ẹ wẹ̀yìn yín. Fẹlá Ṣówándé ńkọ́, ọmọ àlùfáà tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905? Ọmọdé akọrin ni lábẹ́ Phillips ní Kàtídírà. Phillips ò tì dùrù mọ́ ọn, kò fi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì bò ó. Ní 1943, Ṣówándé gba oyè FRCO, oyè tó ga jù nínú ẹgbẹ́ àwọn atẹdùrù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jẹ́ ilé-ìwé Mọ́mì ló lọ ni, wọn ì bá ti ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mọ́mì, ẹ gba àkókò orin padà lọ́wọ́ tíṣà Ìṣirò, kí ẹ gé e sí ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀ tí ojú ọmọ ṣì mọ́. Ẹ ṣí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka kan tẹ dò. Kíbọ́ọ̀dù ò ní kú. Agogo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì àti àtẹ́wọ́ ogójì ọmọ ti tó bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́wọ́ ò lówó lórí, bí ẹ bá tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé owó ilé-ìwé.

Ọ́ńkù, ẹ fi orin àlọ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìyá wọn ń lé tí wọ́n ń gbè, ohùn ibẹ̀ ò ga ju ọmọ lọ. Ẹ kọ́ wọn láti gbọ́ kí wọ́n tó kọ, kí ẹ pa fóònù. Ẹ lọ bá tíṣà Yorùbá lẹ́yìn ògiri. Ẹ lọ fi ìka mẹ́wàá yín kọ́ ohun tí bọ́tìnnì ń bá yín ṣe.

Ẹ̀yin òbí, sáà tó ń bọ̀, kí ẹ tó san owó orin, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ilé-ìwé: ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, ohun-èlò wo, àti èló ni ẹ̀ ń san fún Ọ́ńkù. Bí wọ́n bá sọ pé èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run, ẹ ní kí wọ́n lọ gba owó orin ọmọ yín níbẹ̀ náà.